Èékánná Mi àti Iyán Màmá Oǹdó

Ilẹ̀kùn takisí ló pa mí lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Alágbàká ní Àkúrẹ́, mo sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níwájú ọ́fíìsì wa. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo wá di òpó àárín ọkọ̀ náà mú kí n lè fa ara mi jáde. Obìnrin tó jókòó níwájú ti sọ̀ ṣáájú mi. Ó gbá ilẹ̀kùn tirẹ̀ dé gbàgà, kò wẹ̀yìn, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi sì wà láàárín. Ohùn kò tilẹ̀ jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n ṣí i fún mi, awakọ̀ wo ilẹ̀kùn rẹ̀ kó tó wo ọwọ́ mi, obìnrin yẹn sì ní pẹ̀lẹ́, òun kò rí mi ni. Bẹ́ẹ̀ èmi tí mo sanra tó báyìí, afọ́jú ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Kí n tó gun àtẹ̀gùn dé yàrá iṣẹ́ wa, èékánná náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣù sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti ṣí kúrò lára ẹran. Ó ń lù kì, kì, kì, bíi pé ọkàn mi ti kó ẹrù lọ síbẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì di oníṣègùn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ ará Ọ̀wọ̀ ní kí n ki ọwọ́ bọ omi iyọ̀ gbígbóná. Ìyá kan tó wá láti Ìkàrẹ́ ní irọ́ ni, àdí ló ń gba irú ẹ̀ là. Ẹnì kẹta ní kí n jẹ́ kí wọ́n kúkú fa èékánná náà tu, kí gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, mo sì yí ìjókòó mi kọjú sí ògiri. N kò lè fi ọwọ́ kan tẹ kọ̀ǹpútà, n kò lè jókòó, mo dìde, n kò lè dúró. Ìrora kékeré a máa múni bínú ju ńlá lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá ọ sunkún èékánná.

Lọ́sàn-án, mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nítòsí wa. Ó nu ún, mo fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó fi báńdéèjì wé e, ó sì kìlọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣí, omi kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó wá fi kún un pé, “Ata ńkọ́? Má jẹ́ kí ata débẹ̀ rárá.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì rò pé ìrora ti ń yí mi lórí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé lọ́jọ́ kejì, mò ń lọ sí Oǹdó lọ jẹ iyán tí mo ti ń sá fún láti kékeré.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mò ń pè ní Màmá Oǹdó. Èmi ò tíì ju ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ nígbà tí bàbá mi lọ kí i ní ọjọ́ Àìkú kan, tó jẹun níbẹ̀, tó padà wá sí Àkúrẹ́, tí inú ń run ún. Kò lo ọ̀sẹ̀ náà parí tó fi kú. Ilé ìwòsàn ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Ìyá mi kò gbà, oúnjẹ Oǹdó ló fura sí. Kò bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jà, kò pariwo, kò fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún àwa ọmọ: a lè lọ kí Màmá Oǹdó, a lè sùn síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé yẹn kò gbọdọ̀ kàn wá lẹ́nu.

Ẹ ò lè mọ iṣẹ́ tó wà nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ láàárín ẹbí tó ń kí ara wọn. Bí a bá débẹ̀ tó bá ní ká jẹun, a ó ní a ti jẹun lọ́nà. Ó lè jẹ́ inú ló ń yọ wá lẹ́nu. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ ló ń dúró dè wá. Èyí tó wà fún ojoojúmọ́ ni ààwẹ̀. A gba ààwẹ̀ ní Oǹdó ju bí a ṣe gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Màmá Oǹdó kì í bá wa jiyàn. Yóò ní kí Olúwa gbọ́ àdúrà wa, yóò sì gbé abọ́ rẹ̀ padà wọlé.

Ìyá mi ti kú báyìí, ọdún rẹ̀ kò tíì pé. Nígbà tí a lọ sin ín ní Ipogun, ìlú wọn, Màmá Oǹdó wá. Ó jókòó láàárín èrò, ó jẹ ìrẹsì wa, ó jẹ ẹran wa, ó mu omi wa, ó ní kí wọ́n tún bù díẹ̀ wá fún òun. Mò ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, omi ń dà lójú mi, kì í sì ṣe nítorí òkú nìkan. Ẹni tí a kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ rí ló ń jẹ tiwa láìbojú wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún ara mi pé bó bá tún pè mí, màá jẹ. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Nígbà tó wá pè mí lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò ní kí n wá kí òun, ó ní kí n wá jẹun. Mo ní mò ń bọ̀.

Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí. Mo lè pè é kí n ní ìka ń dùn mí, kí n sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Màmá Oǹdó, ṣé ẹ̀yin á gbà? Ẹni tó ti fi ààwẹ̀ purọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tó wá ní èékánná ni kò jẹ́ kí òun wá jẹun. Mo mọ̀ pé bí n kò bá lọ lọ́jọ́ yẹn, kò tún ní pè mí mọ́.

Mo lọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi wẹ̀, ọwọ́ òsì ni mo fi de bọ́tìnnì bùláòsì mi, ọ̀kan sì ṣì kù tí mo fi sílẹ̀. Mo fi aṣọ ìnujú wé àtàǹpàkò náà kí ó má bàa hàn jù. Nínú ọkọ̀ Oǹdó, bí táyà bá ti wọ kòtò báyìí, ìka mi á fò. Mo gbọ́ pé bí èèyàn bá gbé ọwọ́ sókè, ìrora rẹ̀ á dínkù, mo bá gbé e sókè. Awakọ̀ rí mi nínú dígí, ó bi mí bóyá mo fẹ́ sọ̀. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ní ìyànà Bọ́lọ́rundúró, bàbá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀ fẹ́ sọ̀, gbogbo wa sún, igun apẹ̀rẹ̀ náà sì gbá mi níbi tó ń dùn mí gan-an. Mo bú u nínú ọkàn mi ní èébú tí n kò mọ̀ pé mo mọ̀. Láti ibẹ̀ dé Oǹdó, mi ò lè gbé ojú sójú kan.

Iwájú ilé ni mo ti bá Màmá Oǹdó. Ó ti gbé sítóòfù jáde sí gbangba, lẹ́bàá ọ̀nà. Odó wà níbẹ̀, iṣu tí a kò tíì bẹ wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́, ata, ẹja, epo, gbogbo rẹ̀ wà lórí àtẹ kan. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ báàgì. Mo rò pé ooru ló lé e jáde. Ó fún mi ní àga, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yí àga náà kọjú sí ìkòkò.

Ó bẹ iṣu lójú mi. Ó fọ̀ ọ́ lójú mi. Nígbà tó fẹ́ da omi sí ìkòkò, ó kọ́kọ́ bu díẹ̀ sí kọ́ọ̀bù, ó mu ún. Nígbà tó gbé epo, ó kán an sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ìgbà náà ló tó yé mi. Arúgbó yìí kó ilé ìdáná rẹ̀ wá síta kí n lè rí ohun gbogbo tó wọ inú ìkòkò. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Gbogbo ààwẹ̀ wa, gbogbo inú rírun wa, ó mọ ohun tí a fi ń pe òun. Ojú tì mí, inú sì bí mi, n kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

N kò lè jókòó mọ́. Mo dìde lọ sí etí ọ̀nà, mo padà, mo tún lọ. Nígbà tó gbé ọmọ odó, mo ní kó jẹ́ kí n gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe fẹ́ dì í mú. Ó kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án yàtọ̀ sí ti òun. Ó ń gún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń sinmi, ó tún ń gún. Èmi dúró bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù.

Nígbà tó tán, ó gbé e síwájú mi: iyán funfun tó ń yọ èéfín, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ata rẹ̀ ti ń ta mí nímú látòkèèrè, àti omi ìfọwọ́. Mo ti ronú ọ̀rọ̀ náà láti Àkúrẹ́, síbẹ̀ n kò rí ọgbọ́n dá. Ṣé ṣíbí ni kí n béèrè, kí n fi ṣíbí jẹ iyán tí àgbà fi èémí rẹ̀ gún? Láìmọ̀, ọwọ́ òsì ni mo kì bọ omi. Ó wo ọwọ́ òsì náà, ó wo ojú mi. Mo yọ ọ́ kíá.

Mo ní kó jẹ́ kó tutù díẹ̀.

“Kó tutù kẹ̀?” Yorùbá iléèwé ló ń bá mi sọ, bó ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. “Iyán ogún ọdún ń jóni lọ́wọ́, kí a tó wá sọ èyí tí mo gún lójú rẹ.”

 Ìka mi ń lù, ojú mi ń wo ibòmíràn.  Màmá Oǹdó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu òkèlè nínú iyán mi, ó fi run ọbẹ̀ mi, ó gbé e mì. Ó wá ya ẹnu sílẹ̀ gbàǹgbà kí n lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, bí aláìsàn tí dókítà ń yẹ̀ wò.

Ó ní, “Mo ti jẹ ẹ́. Jókòó tì mí di ìrọ̀lẹ́, kí o wò ó bóyá màá kú.”

Mi ò lè fara dà á. Mo fa ọwọ́ yọ lábẹ́ báàgì, mo tú aṣọ ìnujú, mo fi eyín fa báńdéèjì náà. Ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ta mí dé orí, omi bọ́ lójú mi. Mo na ìka náà sí i. Mo ní, “Ẹ wò ó, Màmá. Mo wá jẹun. Ọwọ́ ni kò gbà.”

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀.  Ó béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀, mo ní àná. Ó béèrè ìdí tí n kò fi sọ fún òun lórí fóònù.

“Ẹ kì bá tí gbà mí gbọ́.”

 “Òótọ́ ni,” ó wí. “N kì bá tí gbà.”

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi tí èmi fi sílẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi títí orúnkún wa fi kanra. Ó bu òkèlè, kékeré bí èyí tí wọ́n ń bù fún ọmọdé, ó fi kan ọbẹ̀, ó sì gbé e wá sí ẹnu èmi àgbàlagbà, lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn tó ń kọjá ti ń wò wá.

“Ọma mi,” ó ní, bí àwọn Oǹdó ṣe ń pe ọmọ tiwọn. “Jẹ ẹ́.”

 Mo gbà á. Ó ń wo ọ̀fun mi títí òkèlè náà fi sọ̀ kalẹ̀, ìgbà yẹn ló tó mí kanlẹ̀. Ó wá tún bu òmíràn, ṣùgbọ́n kò gbé e wá, ó dì í sọ́wọ́.

Ó ní, “Àbúrò mi ni bàbá rẹ. Nígbà tí ìyá wa kú, ọwọ́ yìí ni mo fi bọ́ ọ. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó bi mí léèrè rí.”

Mi ò mọ ohun tó pa bàbá mi. Ìyá mi náà kò mọ̀ ọ́n, ó kàn gbà á gbọ́ títí ó fi wọ ilẹ̀ ni, mo sì fẹ́ràn ìyá mi. Mo ya ẹnu mi, mò ń dúró de òkèlè kejì.