Kílọ́ọ̀ṣì Méjì, Ẹsẹ̀ Òsì Kan

Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ràn ọkọ̀ asáré, ṣùgbọ́n a kò fohùn ṣọ̀kan rí lórí gíà. Bí wọ́n bá ń fi eré ìje ọkọ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sán Sunday, ariwo wa máa ń bo ti ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀.

Ti gíà ẹlẹ́sẹẹsẹ ni mo ń ṣe, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìje: kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, kò sí fífò, bíi ti alùpùpù tí mo fi ń gbé e kiri nígbà tí à ń fẹ́ra. Bó bá wọlé, wàá gbọ́ ọ gbàù lẹ́yìn rẹ. Ti oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ni òun ń ṣe. Kílọ́ọ̀ṣì kan ló ni gíà kìíní, ẹ̀kẹta àti ẹ̀karùn-ún. Kílọ́ọ̀ṣì kejì ló ni àwọn yòókù. Bí ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́, èkejì ti mú gíà tó kàn dání.

"Tíṣà," ni yóò wí, nítorí fisíìsì ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, "bí mo bá ń ro tùwó, ṣé ìgbà tí mo bá rò ó tán ni mo máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọbẹ̀ kaná?"

"Bí mo bá ní ẹ̀kọ mímu ni mo fẹ́ ńkọ́? Ìwọ ti se ọbẹ̀!"

Àbùkù gíà rẹ̀ nìyẹn: ó ń méfò ohun tí awakọ̀ fẹ́. Bó bá ṣì í, á rò ó díẹ̀ kó tó dáhùn.

Ìyàwó mi wá ra ọkọ̀ asáré kékeré kan tó ní irú gíà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí gíà, kò sí kílọ́ọ̀ṣì títẹ̀ lẹ́sẹ̀ awakọ̀, ẹsẹ̀ òsì mi kò sì gbà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á, nítòsí Ọjà Tuntun, ẹsẹ̀ náà wá kílọ́ọ̀ṣì lọ, bíréèkì ló bá, ó sì tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Ìbòrí ìyàwó mi bo ojú rẹ̀.

"Wàláì, bọ́ bàtà òsì yẹn," ló wí lábẹ́ aṣọ. "Ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà máa mọ̀ pé òun kò lọ síbi iṣẹ́."

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkọ̀ náà wà lójú kan fún oṣù méje. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá sọ pé òun ti rí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Bọ̀dá, ọkọ̀ tí kò rìn, á dógùn-ún."

Mo ní n kò tà.

"Ó dáa. Ẹ fi gbé mi dé Malete lọ kí ọmọ yín. Bí ẹsẹ̀ òsì yín bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan péré, màá pe oníbàárà."

Mo bọ́ bàtà òsì níwájú ilé. Ó wò mí, ó wọ ọkọ̀. A kọjá Post Office láìsí wàhálà. Lójú ọ̀nà Malete, ewúrẹ́ mẹ́ta já sí títì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló tẹ bíréèkì. Òsì kò mira. Níwájú díẹ̀ sí i, à ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn tírélà kan, gíà sì ti múra àtilọ sókè. Mo bá tẹ iná mọ́lẹ̀ lójijì kí n lè yà á kọjá. Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ rò ó díẹ̀, torí gíà ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́.

"Ṣé o rí i!" Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kì í ṣe ìyàwó mi ló jókòó síbẹ̀.

"Mo rí i, Tíṣà," ni àbúrò rẹ̀, tó ti gbọ́ àríyànjiyàn wa rí, wí. "Ṣé ẹ tiẹ̀ ka ení, èjì kó tó gbéra? Ọbẹ̀ yín ti jinná, ẹ jẹun."

A rẹ́rìn-ín títí dé ẹnu ọ̀nà ọmọ mi. Ibẹ̀ ni àbúrò ìyàwó mi ti pe oníbàárà: "Ẹ má bínú, ọ̀gá, a ò tà á mọ́."

Èmi ń wá bàtà òsì mi lábẹ́ àga ọkọ̀. Ilé ni mo fi í sílẹ̀ sí.