Má-dúró Lọ Wo Omi Orí Àpáta

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi wa tírélà sìmẹ́ǹtì, ọgbọ̀n ọdún náà ló sì fi ń kọjá níwájú pátákó kan tí wọ́n ya omi sí. Omi ọ̀hún ń já bọ́ látorí àpáta, kò sì jìnnà sí títì rárá. Bàbá mi ò yà síbẹ̀ rí. Má-dúró ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí bó bá ti ṣáná sọ́kọ̀, ó di ibi tó ń lọ. Ìyá mi ní bí òun kò bá jáde síta dá a dúró, yóò kọjá ilé tiwa náà.

Báyìí, awọ funfun ti bo ojú bàbá mi. Ọjọ́ Ajé ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojú náà yóò là. Ní ọ̀sán Sátidé, bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

“Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ,” ó ní. “Mo fẹ́ rí omi yẹn kó tó di ọjọ́ Ajé.”

Inú mi dùn débi pé bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀. Mo kó ajá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀. Fèrè ló kéré, kì í dákẹ́. Bíréèkì ló ti dàgbà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá bàbá mi jókòó nínú tírélà, n kò sì gbọ́ kó gbó rí.

Bàbá mi ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà náà bí ẹni mowó. “Kòtò ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún,” ó ní, kòtò sì dé. Ó pe afárá, afárá yọjú. Mo ń rẹ́rìn-ín, Fèrè ń gbó.

Lójijì ó na ọwọ́ síwájú. “Tẹ iná! Òkè ń bọ̀!”

Mo tẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ ló bí mi. Bó bá ní kí n tẹ iná, ẹsẹ̀ mi kì í bi í léèrè ìdí. A sáré gun òkè náà. Ìgbà yẹn ni Bíréèkì gbó. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ń họ gíláàsì. Mo dúró.

Bàbá mi káwọ́ lérí. “A ti kọjá pátákó. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sáré kí ẹrù má baà fà mí padà lórí òkè. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.”

“Ẹ ò ṣe sọ fún ẹnu yín pé ẹ ti fẹ̀yìn tì?”

Ó rẹ́rìn-ín. Aago márùn-ún ni wọ́n ń ti géètì ibi omi náà, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yí ọkọ̀ padà, mo tún tẹ iná. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ti mú ẹ̀wọ̀n géètì lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” mo ní, “ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí ti ń bọ̀.”

Ó wo bàbá mi, ó wo àwọn ajá. “Ẹ di okùn wọn mú,” ó ní. “Ẹ má pẹ́.”

A gbọ́ ariwo omi náà kí a tó dé ìdí rẹ̀. Bàbá mi tí kì í jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú ló ń fà mí lọ. Omi ń já láti òkè fíofío, ó ń fọ́n sí wa lójú, aṣọ wa ti tutù. Èmi àti Fèrè ń pariwo. Bàbá mi gbójú sókè.

“Funfun ni mo ń rí,” ó ní. “Ṣé ojú mi ni, àbí omi náà?”

“Omi ni, bàbá. Funfun báyẹn gẹ́lẹ́ ni èmi náà ń rí i.”

Ó mí kanlẹ̀. “Mo ti rí i nìyẹn.”

Ẹ̀ṣọ́ súfèé láti géètì. Mo fa bàbá mi lọ́wọ́ pé ó yá. Ó fìdí kalẹ̀ sórí òkúta tó tutù, Bíréèkì gbé orí lé e lẹ́sẹ̀.

“Dúró ná,” ni Má-dúró wí.