Màmá Ẹ-Dúró-Díẹ̀ àti Ojú Ọ̀nà Kẹfà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi jókòó sídìí pátákó tẹlifóònù nílé ìwòsàn ńlá kan, tó ń so ẹni tó ń pè pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, gbólóhùn kan wà tó sọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ: "Ẹ dúró díẹ̀, mo ń so yín pọ̀." Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gbólóhùn náà bá a délé. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, "Ẹ dúró díẹ̀." Bí omi bá fẹ́ hó dànù lórí iná, "Dúró díẹ̀." Ìdí nìyẹn tí àwọn ayálégbé yòókù nínú ilé alájà mẹ́ta tó ń gbé fi ń pè é ní Màmá Ẹ-Dúró-Díẹ̀. Ó sì ń jẹ́ orúkọ náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún un nínú ọmọ ìyá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń pè ní Bọ̀dá, tó ń gbé nílùú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdúró rárá. Iṣẹ́ gbàǹjo ló ṣe jẹun. Ẹnu rẹ̀ a máa sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wá ra àga á ti ra bẹ́ẹ̀dì kó tó fura. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì kó ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ. Òye rẹ̀ pé pérépéré. Ọ̀rọ̀ ni kì í fẹ́ jáde.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní kó máa bá ẹni tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì fi òfin kan lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. "Bó bá ń wá ọ̀rọ̀, Màmá, ẹ má bá a wá a. Èyí tí ẹ bá bá a sọ, tiyín ni. Kì í ṣe tirẹ̀."

Wọ́n fi í sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àṣé aago mẹ́rin ni gbogbo ayálégbé ilé Màmá máa ń tan fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ohun gbogbo tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá á la ẹnu, àwòrán á sì dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu lílà náà. Màmá ò wá mọ èwo ni ká gbà gbọ́: ṣé Bọ̀dá ló ń wá ọ̀rọ̀, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń wá Bọ̀dá? Lọ́jọ́ kan, ó fi sùúrù wo ẹnu lílà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fún un níṣìírí, kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pè é lórí fóònù kejì.

"Àǹtí, ṣé kò sí o? A ti ń jẹun."

Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún un. Wọ́n fi orin sí i létí fún ìṣẹ́jú méjìlélógún. Kò bínú sí ìdúró; orin yẹn ni kò dára. Níkẹyìn, ọ̀dọ́bìnrin kan gbé e.

"Ẹ káàsán mà, kí lẹ fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń gbé e, ọmọ mi. O máa kọ́kọ́ sọ ibi tí mo pè."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó dárúkọ ilé-iṣẹ́ wọn. Ó béèrè ibi tí ráútà wà, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé.

"Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n."

"Ṣé nǹkan kan wà lórí rẹ̀?"

"Aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi hun."

"Ẹ ká a kúrò, mà."

"Eruku ń kọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí eruku bà lé e, mà."

Lẹ́yìn ìyẹn ló fi hàn án bó ṣe lè wo àtẹ Wáìfáì gbogbo ilé náà lórí fóònù rẹ̀. Ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ráútà ń gbà sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹyọ kan ni ojúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú ilé náà kóra jọ sí: ìkẹfà. "Bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́fà ń sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan ni, mà."

 Ní gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn, Màmá kò fi àjèjì méjì sórí wáyà kan rí.

"Ta ló gbà wọ́n láyè?"

"Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n láyè, mà. Bí wọ́n ṣe rà á ni wọ́n ṣe tàn án. Ẹ bọ́ sí ìkọkànlá. Ó ṣófo."

"Ìkẹjọ ń kọ́? Mo fẹ́ràn àárín."

"Ẹni tó bá wà ní ìkẹjọ á máa gbọ́ ariwo ìkẹfà, á tún máa gbọ́ ti ìkọkànlá. Ìkíní, ìkẹfà, ìkọkànlá: àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn."

Màmá kọ ọ́ sínú ìwé kan, ó fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sí ìkọkànlá. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán ò dúró rárá. Bọ̀dá sọ "omi", ó sọ "aago", ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kẹta, "àb…", kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ayọ̀ yìí ló mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀, tí Wáìfáì tirẹ̀ náà ń fà bí ìgbín. Ó ṣàlàyé ìkọkànlá fún un, ó sì ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Háà, Màmá! Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Lóòótọ́, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn ni.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún pé, Bọ̀dá la ẹnu. "Àb… àbú…" Ó dúró síbẹ̀. Màmá ka ọgbọ̀n. Ó tún ka ogún. Ojú Bọ̀dá kan wà ní dídé, èkejì wà ní líla, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí àìsàn náà kọ́kọ́ dé. Màmá fi ojú sún mọ́ fóònù.

"Àbúrò! Àbúrò lẹ fẹ́ sọ, àbí, Bọ̀dá?"

Ìgbà náà ni àwòrán tú sílẹ̀. Bọ̀dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà parí, ohùn àbúrò rẹ̀ sì já lé tirẹ̀ lórí. Ó wò ó bí onígbàǹjo ṣe ń wo ẹni tó nawọ́ sókè lẹ́yìn tí òòlù ti balẹ̀. Ó yíjú sí ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù. "Àǹtí, ó ní òun ò ṣe mọ́."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sọ ọ́. Ó fọwọ́ òsì júwe rẹ̀."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́bọ̀ kan sí i."

Ìyàwó Bọ̀dá yíjú wo ọkọ rẹ̀. "Ó na ìka kan sókè, Àǹtí. Ẹyọ kan ṣoṣo o."

Màmá ṣí àtẹ Wáìfáì náà. Ojúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti ṣí lọ sí ìkọkànlá. Ìkẹfà dá páropáro bí ilé ìwé lọ́jọ́ ìsinmi. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kó yọ́ lọ síbẹ̀, kó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé náà. Wọn ò ní pẹ́ wá a débẹ̀. Ó mú ìwé rẹ̀, ó pín ojúlé mẹ́fà sí ojú ọ̀nà mẹ́ta, méjì méjì, tó fi jẹ́ pé àwọn méjì tó bá jọ wà lójú ọ̀nà kan kò ní jọ pín ògiri. Ó wá ń kan ilẹ̀kùn kiri.

Aránṣọ gbà kíákíá, nítorí ìtìjú. Àwọn mẹ́ta mìíràn gbà nítorí pé wọ́n fẹ́ padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ku Bàbá Òkè, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní àjà kẹta.

"Ta ló fi ẹ́ jọba afẹ́fẹ́?" ni Bàbá Òkè bi í.

"Kò sẹ́ni tó fi mí jọba, bàbá. Wáyà ni mò ń tò."

"Wọ́n ní kò ní wáyà."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tò ó."

Bàbá Òkè gba ìwé, ó wo ibi tó wà. "Ìkẹfà kẹ̀? Èmi tí mo ti wà ní ìkọkànlá? Ogójì ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀, o wá fẹ́ sọ fún mi pé mẹ́fà ju mọ́kànlá lọ."

"Nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn lásán ni, bàbá. Kì í ṣe iye."

"Tó bá jẹ́ lásán ni, ìwọ gba ìkẹfà."

"Mo gbà á. Ẹ̀yin ẹ gba ìkọkànlá tèmi."

Bàbá Òkè wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà. Kò rí i. Ó fọwọ́ sí ìwé náà, bí ẹni tó gba ilẹ̀ tó fẹ̀ jù lọ.

Ní Ọjọ́rú, Màmá pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyàwó wa, nílé ìwòsàn, iná kékeré kan máa ń tàn lórí pátákó. Bó bá ṣì ń tàn, wáyà wà láàyè, bí ẹni ọ̀hún ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Ẹ bá mi gbé aago yín kọ́ sẹ́yìn Bọ̀dá, kí n lè máa rí i."

"Aago kẹ̀, Àǹtí?"

"Èyí tí ọwọ́ pupa rẹ̀ ń sáré yẹn."

Aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ lù. Bọ̀dá jókòó, ó ká ọwọ́ òsì lé ọ̀tún, aago sì wà lókè orí rẹ̀. Wọ́n kíra wọn. Bọ̀dá la ẹnu, ohùn kankan kò jáde. Màmá wo ọwọ́ pupa: ó ń lọ. Bọ̀dá ló ń wá ọ̀rọ̀, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màmá fi eyín di ahọ́n mú. Ọwọ́ pupa yí po lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tó ń ní kí àwọn ènìyàn ṣe ní gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn.

"Àbúrò," ni Bọ̀dá wí.

Màmá mi orí nìkan.  Ṣùgbọ́n Bọ̀dá kò tíì parí. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè pé kó má dá sí òun. Ọwọ́ pupa yí dé ìdajì.

"Sún… sẹ́yìn." Ó mí. "Imú ẹ… nìkan… ni mò ń rí. Láti… oṣù… méjì."

Nínú yàrá lọ́hùn-ún, ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá nu ojú rẹ̀, ó sì di àga rẹ̀ mú lápá méjèèjì.

"Ẹ dúró díẹ̀, Bọ̀dá," ló wí, ó wọ́ àga náà sẹ́yìn.