Ilé Mẹ́rin Tí Ẹfúnkẹ́ Kó Ìwé Ṣáínà Sí

Ẹfúnkẹ́ Ọ̀ṣìnúbí, ọmọ bíbí Ọ̀tà, ló ń tọ́jú ilé ìkàwé àwọn Ṣáínà nílùú wa. Ilé mẹ́rin ni ilé ìkàwé náà ti gbé. Ìjọba kò kọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Géètì ni ìjọba mọ̀ ọ́n kọ́.

Ẹ̀yìn ilé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ táìlì kan ní Sángo ni àkọ́kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á jẹun tán, wọn á fọwọ́ ọbẹ̀ ṣí ìwé. Ẹfúnkẹ́ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà: ẹni tí kò bá fọwọ́ kò ní í wọlé, ì báà ṣe máníjà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ máa kó ẹrù síbẹ̀, Ẹfúnkẹ́ kó ìwé lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ojú Ore. Kò pẹ́ tí lánlọ́ọ̀dù fi dé.

“Ẹ̀mí ló ní kí n fi ibẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ̀mí yẹn ò lè sọ ọ́ ká tó kun ilé yín lọ́dà?”

Ẹ̀kẹta wà ní Àtàn. Ilé náà dára lójú, ṣùgbọ́n òjò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín inú rẹ̀ àti ìta. Nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í bu, Ọ̀gá Lín, Ṣáínà tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé náà, ní bí oṣù bá parí láìrí ilé mìíràn, gbogbo rẹ̀ á lọ sí Èkó.

Ẹfúnkẹ́ kò gbà. Ilé ìkàwé náà làwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ ti ń kọ́ èdè Ṣáínà, tí wọ́n fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹrù rírù, tí wọ́n ń di ògbufọ̀. Àwa tí a lọ sí yunifásítì kò ríṣẹ́ tó tó ìyẹn. Ó lọ tọrọ pálọ̀ bàbá rẹ̀ nílé ẹbí. Pálọ̀ náà ṣófo, àfi bàbá fúnra rẹ̀ tí wọ́n sin síbẹ̀, tí wọ́n sì fi táìlì funfun bo sàárè rẹ̀.

Bàbá Àmọ̀dá, àbúrò olóògbé, ni olórí ẹbí.

“Ẹfúnkẹ́, ṣé o fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa kọ́ èdè Ṣáínà nínú sàárè ni?”

“Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ pé wọ́n fẹ́ràn ìwé, bàbá.”

“Ìwé ìròyìn ni mo wí! Mú Ṣáínà náà wá, kí n rí ojú ẹ̀. Tó bá fi lè fẹsẹ̀ tẹ sàárè ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.”

Ọ̀gá Lín wá. Ó wo táìlì funfun náà, ó bèèrè ohun tó jẹ́.

“Bàbá mi ni,” Ẹfúnkẹ́ dáhùn.

Lín yí padà, ó jáde. Bàbá Àmọ̀dá bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣáínà ti sá! Ọ̀ṣìnúbí kú, agbára ẹ̀ ò kú!”

Lín tún wọlé, ó gbé ọ̀rá ọsàn kan dání. Ó bọ́ bàtà, ó to ọsàn náà sórí sàárè, ó sì tẹríba lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn baba wọn nílé.

Bàbá Àmọ̀dá kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ẹfúnkẹ́, ìwọ ọmọ bíbí inú ẹ̀, o ra ọsàn fún un rí?”

“Rárá, bàbá.”

“Ó dáa. Ẹ kó ìwé yín wọlé.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí Ẹfúnkẹ́ ti ń pe dírẹ́bà tí yóò kó ìwé náà lórí fóònù.