Àgádágodo Ilé Ìkookò

Ìró kékeré kan wà tí kò kúrò létí mi títí di òní: kẹ́. Bí àgádágodo ṣe ń dún nìyẹn nígbà tí irin rẹ̀ bá wọ inú ihò tó yẹ kó wọ̀. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi láràárọ̀, ní ilé ìkookò tó wà nínú ọgbà ẹranko kan lójú ọ̀nà tó lọ láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlárá, ọkàn mi a sì balẹ̀. Mo rò pé àgádágodo náà ló ń dá mi lóhùn pé òun wà ní títì. Tí mo bá rántí bí mo ṣe gbọ́n tó lójú ara mi nígbà náà, ojú máa ń tì mí, ẹ̀rín sì máa ń pa mí, mi ò sì mọ èyí tó yẹ kí n jẹ́ kó ṣáájú.

Mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì, àmọ́ ká sọ òótọ́, ewúrẹ́ ìyá mi ni ẹranko tó tóbi jù tí mo tíì fọwọ́ kàn rí. Ọdún kan ni mo fi jókòó sílé ní Ṣàgámù, tí mò ń kọ lẹ́tà síbí, tí mò ń kọ sọ́hùn-ún. Bàbá mi, tó ń ta obì, kì í bá mi jà. Wọ́n kàn máa ń béèrè nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára, pé, "Wọ́n ti dáhùn?" Èmi á ní rárá. Wọ́n á ní kò burú. "Kò burú" yẹn dùn mí ju èébú lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo ríṣẹ́ sí ọgbà ẹranko, ẹkún ni mo sun. Ayọ̀ wà nínú ẹkún náà, ẹ̀rù wà níbẹ̀, ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tí mi ò tíì rí orúkọ fún.

Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ọgbà náà. Olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onísábáàtì paraku, tó fi jẹ́ pé láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ títí oòrùn fi máa wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àlejò kankan kò gbọdọ̀ wọlé. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì méjì wà níbẹ̀, erè kan àti ẹtu mẹ́ta wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkookò ni àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá: ẹranko tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ bí òrùlé, tó ń fọ́ egungun màlúù bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà.

Òfin ni Mọ́mì tìtorí rẹ̀ gbà mí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa tó wá láti Abẹ́òkúta, láti wò ó bóyá ọgbà náà yẹ ní ibi tí wọ́n lè fún ní ìwé àṣẹ tuntun. Ìwé òfin tó sọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹranko igbó níbi tí ará ìlú ti ń wò wọ́n nípọn bíi búrẹ́dì, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Èmi ni kí n sọ ọ́ di Yorùbá, kí n kọ ọ́ sára pátákó, kí n sì rí i pé a ń tẹ̀ lé e. Òfin méjìlá ni mo kọ. Ọ̀dà pupa ni mo fi kọ ìkeje, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù: Bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn ẹranko tó lè pa èèyàn, kí ẹnì kejì fa àgádágodo rẹ̀ wò, kí ó sì wí i sókè pé ó ti tì.

Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn náà ni Bàbá Ìkookò. Ará Ìsarà ni wọ́n. Wọ́n ti ṣe ọdẹ rí kí orúnkún tó dá wọn dúró, àwọn ló sì ń bọ́ ìkookò náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá, tí kò tíì ju ajá lọ. Mo ka òfin keje fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ìyẹn ni pé tí mo bá ti ilẹ̀kùn tán, ìwọ lo máa wá fà á wò?"

"Bí òfin ṣe wí ni, bàbá. Kì í ṣe èmi."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́rìnlélógún, sà."

"Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ní Ìsarà dàgbà jù ọ́ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ike ẹja, wọ́n sì lọ bọ́ àwọn ọ̀nì. Ẹ̀rín yẹn ló dà mí lọ́kàn rú. Ká ní wọ́n bínú ni, ǹ bá mọ̀ pé inú ń bí wọn. Ṣé wọ́n gbà ni, àbí wọn ò gbà? Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá lọ ń mi ilẹ̀kùn tí àgbàlagbà ṣẹ̀ṣẹ̀ tì ti sọ fún un láìlanu pé ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹni tó kọ ìwé òfin kò mọ ìyẹn. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo rò ó títí, mo wá rántí ohun tí àwọn àgbà máa ń wí, pé bí wọ́n bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi t'ọmọ jẹ́ ẹ. Mo pinnu láti fi t'ọmọ jẹ́ ẹ.

Ilẹ̀kùn onírin méjì, tí èèyàn lè wo inú láàárín ọ̀pá wọn, ló wà ní ilé ìkookò náà. Bí èèyàn bá ṣí ti ìta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló máa bọ́ sí, ilẹ̀kùn ti inú á sì wà ní òpin rẹ̀. Láràárọ̀, Bàbá á fi ẹran tan ìkookò lọ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á sé e mọ́bẹ̀, wọ́n á wá wọ iwájú lọ gbálẹ̀. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n á pa ilẹ̀kùn méjèèjì dé, wọ́n á fi àgádágodo kọ́ wọn, wọ́n á yí sẹ́yìn ilé, wọ́n á sì fa okùn tó ń ṣí yàrá ẹ̀yìn, kí ẹranko náà lè padà síbi tí àwọn èèyàn á ti rí i. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Bí Bàbá bá ti gbé ìgbálẹ̀ kọjá lára mi, èmi á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Mi ò ní fa àgádágodo, mi ò sì ní wí ohunkóhun sókè. Ńṣe ni màá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó kàn fara ti ilẹ̀kùn, ti inú ná, ti ìta tẹ̀ lé e. Kẹ́. Kẹ́. Bàbá á ní, "O ṣeun, ọmọ mi." A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ síta rí. Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà tí òfin àti ọ̀wọ̀ fi lè jọ sùn sórí ẹní kan.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wá láti Ṣàgámù, wọ́n tó ogójì. Mo wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan fi orúkọ tí mo ń jẹ́ ní kékeré pè mí láti ìta. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ ni, ẹni tó kọ́ mi ní ábídí. Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Ìwọ rèé? O ti ga tó báyìí? Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Bàbá ńkọ́? Obì ṣì ń tà?"

"Ó ń tà, mà."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Kò tíì sí, mà."

"Kò tíì sí, o wá ń bá ìkookò gbé."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìkíni kò tíì parí, ọmọ tí wọ́n bí ire kì í sì í dìde láàárín ìkíni. Láàárín "màmá ńkọ́" àti "ọkọ ńkọ́" ni Bàbá gbé ìgbálẹ̀ kọjá lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ohun kan nínú mi fẹ́ sọ pé ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí màá gbé gbólóhùn náà sí kò sí. Mo gbọ́ nígbà tí okùn dún lẹ́yìn ilé.

Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa," pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo yíjú. Ìkookò ti forí ti ilẹ̀kùn ti inú ṣí, àgádágodo rẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀, ó ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń gbóòórùn ilẹ̀kùn ti ìta. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn náà, ó rọ̀ bíi yẹtí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn ọmọ sún mọ́ ọn kí wọ́n lè ríran dáadáa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ kó jẹ́ pé àlá ni, mi ò sì ṣe ọ̀kankan.

Bàbá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Wọn kò sáré. Wọ́n rìn bí ẹni tó fẹ́ lọ mú fìlà rẹ̀, wọ́n dúró sáàárín àwọn ọmọ àti ilẹ̀kùn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì tẹ àgádágodo náà.

Kẹ́.

Ìró tí mo ń gbọ́ láràárọ̀ gan-an ni. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé àgádágodo tó ti wà ní títì tẹ́lẹ̀ kì í dún.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kó àwọn ọmọ lọ sídìí àwọn ọ̀bọ, tí Bàbá sì ti fi ẹran tan ìkookò padà, àwa méjèèjì jókòó sórí ike ẹja.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń tì í ni?" Bàbá béèrè.

"Bàbá, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń tì í."

"Mo ń fi í kọ́ sílẹ̀ láìtì fún ọ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ, èèyàn kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Èmi ń bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn náà ń bọ̀wọ̀ fún mi, ẹnikẹ́ni kò sì ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà.

Mọ́mì pè wá sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ṣí ìwé tí a ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí. Wọ́n ní ta ló gbàgbé ilẹ̀kùn. Kí n tó mí, Bàbá ti dáhùn.

"Èmi ni, Ọ̀gá. Ariwo àwọn ọmọ ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ má bínú."

Mọ́mì mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé kò sí ẹni tí ìgbàgbé kì í dé bá. Wọ́n ti gbé bírò. Ká ní mo dákẹ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà kí àgbàlagbà ru ẹrù mi. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ ti òfin keje, mo sọ ti kọ́kọ́rọ́ tó dàgbà jù mí lọ, mo sọ ti ẹ kú iṣẹ́, mo sọ bí mo ṣe ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo sọ bó ṣe ń dún, mo sọ bó ṣe rí lára mi nígbà tó ń dún. Mo rò pé bí mo bá ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni ẹ̀bi ṣe ń kúrò lọ́rùn Bàbá tó. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, wọ́n ti sọ fún mi láti kékeré. Mọ́mì bọ́ awò ojú wọn.

"Dúró ná. Láti ìgbà wo ni Bàbá ti ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì?"

"Láti ìgbà tí a ti gbé pátákó kọ́, mà."

"Oṣù márùn-ún."

"Ṣùgbọ́n mà, èmi ni mi ò—"

"Ìwọ gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ṣe oṣù márùn-ún kì í ṣe ìgbàgbé."

Bàbá Ìkookò kò padà síṣẹ́ mọ́. Wọ́n wò mí nígbà tí wọ́n ń di aṣọ iṣẹ́ wọn sínú àpò, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, o mọ ọ̀rọ̀ sọ." Mi ò tíì mọ̀ bóyá ìyìn ni. Ìkookò kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n ka pátákó mi, wọ́n yìn ín, wọ́n sì fún ọgbà ní ìwé àṣẹ. Olùtọ́jú tuntun kéré sí mi, nítorí náà mo ń fa àgádágodo rẹ̀ wò láìbẹ̀rù, mo sì ń wí i sókè. Kì í dún. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni mi ò lè fara dà, mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Oṣù tó kọjá ni mo tó gbójú lọ sí Ìsarà. Mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì. Mo ti há ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ sórí nínú ọkọ̀, ó gùn, ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n béèrè àlàáfíà ìkookò kí wọ́n tó béèrè tèmi, wọ́n sì mú mi lọ sẹ́yìnkùlé láti wo ọ̀yà tí wọ́n ń sìn. A fún àwọn ọ̀yà náà ní koríko. Bàbá pa ilẹ̀kùn àgò wọn dé, wọ́n fi àgádágodo kọ́ ọ, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n ń nu ọwọ́, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà.

Mo dúró. Àwọn náà dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," mo wí, mo sì tẹ̀ ẹ́. Kẹ́. Lẹ́yìn náà, lójú wọn kòrókòró, mo di àgádágodo náà mú, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó tì?" ni wọ́n béèrè.

"Ó ti tì, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Bóyá wọ́n ti dárí jì mí ni, bóyá wọ́n ń dán mi wò, bóyá ìṣe àtijọ́ lásán ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mo rò ó láti Ìsarà dé Ṣàgámù, mi ò rí ìdí rẹ̀. Mi ò sì mọ̀, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bóyá òótọ́ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn sàn ju irọ́ tí Bàbá fẹ́ pa fún mi. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé wọ́n béèrè, mo sì dáhùn sókè. Èyí tí òfin keje ń fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwa la kò rí ẹnu sọ ọ́ fún ara wa.