Ọjọ́ tí Màmá Mi Ro Ọgbà Ìsinmi

Dókítà ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi kò bá wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àrùn rọpárọsẹ̀ ò jìnnà. Oògùn nìkan kò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ máa sinmi. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbàyè níbi iṣẹ́ mi ní Èkó, mo wá sọ́dọ̀ wọn ní Ìdànrè.

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ọgbà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wa, igi àti koríko ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá mi bá ti fi ariwo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó lọ́sàn-án. Kí n tó dìde, orí tó ń fọ́ mi á ti fúyẹ́. Ní ìsàlẹ̀ òkè Ìdànrè náà, irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà: wọ́n ti gbin igi, wọ́n to bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí màmá mi jẹ́ ká máa lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Ká lọ ṣe kí ni?"

"Ká jókòó ni, Màmá."

"Orí òkè wà fún àdúrà, oko wà fún iṣẹ́. Ta ló ń gun ọ̀kadà lọ jókòó? Ṣé kò sí àga nílé ni?"

Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo tiẹ̀ bínú díẹ̀, kí wọ́n tó gbà. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn ò lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ṣa igi ìdáná. Wọ́n gbá ewé jọ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo yíjú sí fóònù mi. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ẹni tó ti ń ro oko kòkó láti ìgbà ọmọge ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fa èpò. Wọ́n ti fa ìlà kan tu pátá. Òdòdó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà sáré dé, ó káwọ́ lérí. "Ẹ̀yin màmá yìí, òdòdó mi!"

"Òdòdó? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà wo ewú orí wọn, ìbínú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ dìde títí n ó fi tún un gbìn tán."

Ojú ti màmá mi, wọ́n jókòó. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àánú wọn sì tún ń ṣe mí, nítorí mi ò rí i rí kí ẹlòmíràn máa kọlẹ̀ kí màmá mi máa wò ó. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ wá láti ara àpáta. Ẹyẹ ń pariwo nínú igi. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí koríko, wọ́n sì fara tì mí. Mo gbọ́ èémí wọn, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ mira.

"Màmá, ó kù díẹ̀ kí n parí o," ọkùnrin náà pè wọ́n láti ìdí òdòdó.

Màmá mi kò lajú. "Rọra ṣe é, ọmọ mi. Kò sí ìkánjú."