Owó Bíṣọ́ọ̀bù Tó Pọ́n Mọ́ Ọ̀ṣẹ́nì Lọ́wọ́

Ní Ìjerò, bí òrùka fàdákà ẹni bá kán, ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì là ń gbé e lọ. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé wúrà fún un rí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Orúkọ rere yìí ló fi ń jẹun.

Bàbá Pius, tó máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ló gbé owó fàdákà kékeré kan wá. Iṣẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Estonia lókè òkun, ló rà á fún un. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó ń ṣèjọba níbẹ̀ láyé àtijọ́ ló ń fi òòlù lu irú owó bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ kò tiẹ̀ dọ́gba. Bàbá fẹ́ kí Ọ̀ṣẹ́nì jó òrùka kékeré mọ́ ọn, kí òun lè fi kọ́rùn níbi ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún òun.

Nǹkan fàdákà kì í kan iná ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣẹ́nì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́. Ó fọ owó náà, ó bó o dáadáa. Ìgbà tó máa fomi ṣàn án, ó ti pọ́n bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù yẹn náà gbọ́n féèyàn: bàbà ló pọ̀ nínú owó wọn, fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì ti fọ ìyẹn dànù.

Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó tún un wò. Ta ni yóò gbà pé kò pààrọ̀ rẹ̀?

“Bàbá Quadri, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fàdákà,” ni Amudalat ìyàwó rẹ̀ wí. “Á funfun padà. Bí ẹ bá lọ jẹ́wọ́, wọ́n á pè yín lólè.”

Ó lè ṣe é lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì wẹ̀, ó wọ bùbá, ó kọrí sílé Bàbá Pius.

“Ẹ kú ulé o, Bàbá. Mo ti ba owó yín jẹ́. Mo fọ̀ ọ́ jù ni. Mi ò pààrọ̀ rẹ̀.”

Bàbá Pius gba owó pupa náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ le koko. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Ọ̀ṣẹ́nì jókòó, ó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó rò pé ọlọ́pàá ni bàbá lọ pè.

Ìgbà tí bàbá jáde, ó mú aṣọ kékeré kan dání. Yẹtí wúrà ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ti kán.

“Inú ṣì ń bí mi o,” ni bàbá wí. “Jó òrùka mọ́ owó yẹn bó ṣe pọ́n náà.” Ó wá na yẹtí sí i. “Láti ìgbà tí ìyá Iṣẹ́olúwa ti lọ, mi ò rí ẹni tí mo lè kó èyí lé lọ́wọ́.”